Orí Bíbẹ́ Kọ́ ni Oògùn Orí Fífọ́

Ìwà kan ń bẹ láàrin wa tí ó tó àkókò láti bá wí ní gbangba. Ọkọ̀ àtijọ́ kan á gbóná ju bí ó ti yẹ lọ. Ẹni tí ó ni ín á gbé e tọ mẹkáníìkì lọ. Mẹkáníìkì á yọ tẹmosítáàtì rẹ̀ kúrò, á sọ ọ́ sínú pàǹtírí, á bu omi kànga sínú rédíétọ̀, á sì wí pé, "Ó parí. Ilẹ̀ wa gbóná. Ti àwọn òyìnbó ni nǹkan yìí." Ẹni tí ó ni ọkọ̀ á dúpẹ́, á sanwó, á sì bá ọ̀nà rẹ̀ lọ ní àlàáfíà. Àwa wí pé àlàáfíà náà kì í ṣe tòótọ́. Ohun tí a pè ní ìwòsàn yìí, ìpalára ni, ó sì yẹ kí àwọn olùkọ́ àti àwọn ọmọ ilé-ẹ̀kọ́ wa mọ ìdí rẹ̀.

Kí ẹnikẹ́ni má ṣe wí pé ọ̀rọ̀ kékeré ni. Peugeot 504, tí àwọn ará Faransé gbé jáde ní 1968, tí a sì bẹ̀rẹ̀ sí tò pọ̀ ní Kaduna ní 1975, ni ó gbé ọ̀pọ̀ olùkọ́, àlùfáà àti oníṣòwò nínú àwọn bàbá wa dé ibi iṣẹ́ wọn. Ó ṣì kù nínú àgbàlá ọ̀pọ̀ ilé títí di òní. Àwọn kan ń tọ́jú rẹ̀ nítorí ìrántí òbí wọn. Àwọn mìíràn ń tọ́jú rẹ̀ nítorí pé òun nìkan ni agbára wọn ká. Ẹ́ńjìnì rẹ̀ tí ó bá bàjẹ́ lónìí, kò ní rọrùn láti rí irú rẹ̀ rà lọ́la. Nítorí náà, ẹni tí ó bá fi àìmọ̀ pa irú ọkọ̀ bẹ́ẹ̀, ogún ni ó parun.

Kí a tó dá ẹjọ́, ẹ jẹ́ kí a kọ́kọ́ gbọ́ bí nǹkan náà ti ń ṣiṣẹ́. Nínú ẹ́ńjìnì, pẹtiróòlù ń gbiná ní ẹgbẹẹgbẹ̀rún ìgbà ní ìṣẹ́jú kọ̀ọ̀kan. Apá kan péré nínú agbára iná náà ni ó ń yí táyà. Púpọ̀ nínú èyí tí ó kù di ooru tí a kò lè ṣàì gbé jáde. Bí bẹ́ẹ̀ kọ́, irin yóò wú, ọ́ìlì yóò jó, písítìnì yóò sì há. Omi ni alárù ooru yìí. Pọ́ǹpù ń tì í yí ẹ́ńjìnì ká; ó ń gba inú rọ́bà òkè wọ rédíétọ̀; ó ń sọ̀ kalẹ̀ nínú àwọn ọ̀pá tẹ́ẹ́rẹ́ tí afẹ́fẹ́ ń fẹ́; ó sì ń padà sínú ẹ́ńjìnì láti lọ ru ẹrù mìíràn. Lójú ọ̀nà omi yìí ni tẹmosítáàtì jókòó sí bí adènà. Ìda ń bẹ nínú rẹ̀. Bí omi bá tutù, ìda á le, ilẹ̀kùn á sì wà ní títì. Bí ooru bá tó ìwọ̀n tí a kọ sí i lára, tí í ṣe nǹkan bí 82°C nínú ọ̀pọ̀ ọkọ̀, ìda á yọ́, á wú, á sì ti ilẹ̀kùn náà ṣí.

Njẹ́ kí ni àwọn alátakò wa ń wí? Wọ́n ní, "Ilẹ̀ wa gbóná; adènà yìí kò wúlò níhìn-ín." Ẹ jẹ́ kí a ṣe ìṣirò rẹ̀ bí ọmọ kíláàsì kẹrin ti í ṣe é. Ní ọjọ́ tí oòrùn mú jù nínú ọdún, afẹ́fẹ́ ìlú Ìbàdàn lè tó 35°C. Ẹ́ńjìnì fẹ́ 82. Ìyàtọ̀ tí ó wà láàrin wọn jẹ́ 47. Ooru wa, bí ó ti wù kí ó mú tó, kò tó ìdajì ohun tí ẹ́ńjìnì ń béèrè. Bí a bá ṣí ilẹ̀kùn sílẹ̀ gbayawu, tí ọkọ̀ sì ń lọ lójú pópó ní òwúrọ̀ kùtùkùtù, omi á máa tutù ju bí ó ti yẹ lọ. Pẹtiróòlù kò ní fẹ́ dáradára. Á máa ṣàn sára ògiri ibi tí písítìnì ń lọ tí ó ń bọ̀, á sì máa fọ ọ́ìlì kúrò níbẹ̀, irin á wá máa họ irin. Ìrì omi á dà pọ̀ mọ́ ọ́ìlì, á di ẹrẹ̀ dúdú. Epo tí ọkọ̀ ń mu á pọ̀ sí i. Kò sí ariwo, kò sì sí èéfín tí yóò kìlọ̀ fún ẹnikẹ́ni. Bí ikán ti ń jẹ òpó ilé ni ó ń jẹ ẹ́ńjìnì.

Wọ́n tún wí pé, "Ṣùgbọ́n a yọ ọ́, géèjì sì sọ̀ kalẹ̀." A kò jiyàn pé géèjì lè sọ̀ kalẹ̀. Àwọn àgbà wí pé orí bíbẹ́ kọ́ ni oògùn orí fífọ́. Ọkọ̀ kì í gbóná láìnídìí. Ó lè jẹ́ pé rédíétọ̀ ti dí. Ó lè jẹ́ pé bẹ́líìtì dẹ̀, pé rọ́bà ti rọ̀ tí ó ń fún pọ̀ nígbà tí pọ́ǹpù bá ń fa omi, tàbí pé gáskẹ́ẹ̀tì ti jó. Nínú ọkọ̀ 504, mágínẹ́ẹ̀tì oníná ni ó ń so fáànù pọ̀ mọ́ ẹ́ńjìnì nígbà tí omi bá gbóná. Bí wáyà rẹ̀ bá já, ọkọ̀ á gbóná nínú súnkẹrẹ-fàkẹrẹ, ṣùgbọ́n á tutù nígbà tí ó bá ń sáré. Ta ni ó wádìí gbogbo èyí kí ó tó mú sípánà? Lóòótọ́, tẹmosítáàtì fúnra rẹ̀ lè kú sí ipò títì. Nígbà náà, kí a fi òmíràn rọ́pò rẹ̀, kí a má ṣe fi ihò rọ́pò rẹ̀.

Ohun kan sì tún wà tí àwọn tí ń yọ ọ́ kì í sọ fún ni. Nínú ọ̀pọ̀ ẹ́ńjìnì, ọ̀nà méjì ni omi ní: ọ̀nà ńlá tí ó lọ sí rédíétọ̀, àti ọ̀nà àbùjá tí ó padà sínú ẹ́ńjìnì tààrà. Irú tẹmosítáàtì kan wà tí ó jẹ́ pé bí ó ti ń ṣí ọ̀nà ńlá ni ó ń ti ọ̀nà àbùjá. Bí a bá yọ irú èyí, àbùjá á wà ní ṣíṣí nígbà gbogbo, apá kan nínú omi gbígbóná kò sì ní fojú kan rédíétọ̀ mọ́. Lọ́jọ́ tí ọkọ̀ bá ru ẹrù wúwo, tí ó sì ń gun òkè, á gbóná ju ti àtẹ̀yìnwá lọ. Ẹni tí ó ń sá fún òjò á wá bọ́ sínú odò.

Àwọn mìíràn a máa wí pé, "Omi lásán ni àwọn bàbá wa ń lò, ọkọ̀ wọn sì pẹ́." Ọkọ̀ Ford Model T, tí a ṣe láti 1908 dé 1927, kò ní tẹmosítáàtì rárá, yàtọ̀ sí nǹkan bí 2,500 àkọ́kọ́, kò tilẹ̀ ní pọ́ǹpù omi. Omi gbígbóná ń gòkè, omi tútù ń sọ̀ kalẹ̀, ó tán. Ṣùgbọ́n ẹni tí ó ṣe é ni ó ṣe é bẹ́ẹ̀, ó sì fi ìwọ̀n sí gbogbo ẹ̀yà rẹ̀ láti bá èyí mu. Ẹ́ńjìnì kọ̀ọ̀kan ni ó ní òfin tirẹ̀. Orí ẹ́ńjìnì 504 jẹ́ àlùmíníọ́mù, ara rẹ̀ jẹ́ irin, rédíétọ̀ ọkọ̀ ayé ìgbà náà sì sábà máa ń jẹ́ bàbà àti idẹ tí a fi òjé jó pọ̀. Bí a bá fi irú irin tí ó yàtọ̀ síra báyìí sínú omi lásán, omi á mú kí ọ̀kan máa jẹ èkejì. Ìpẹtà á dé. Á bọ́ sínú omi, á sì lọ dí àwọn ọ̀pá tẹ́ẹ́rẹ́. Omi kànga àwọn ilẹ̀ tí òkúta ẹfun wà, bí ti agbègbè Ewékorò, lè fi èépá funfun sílẹ̀ bí irú èyí tí à ń rí nínú kẹ́tù. Èépá yìí kì í jẹ́ kí ooru kọjá.

Oògùn rẹ̀ ni kúláǹtì, tí a pò mọ́ omi mímọ́ bí ìwé ọkọ̀ ti wí. Kì í ṣe nítorí yìnyín nìkan ni a fi ṣe é; ó ń dá ìpẹtà dúró, ó sì ń mú kí omi pẹ́ kí ó tó hó. Kí olúwa rẹ̀ ka ara ìgò bóyá ó bá bàbà, idẹ àti òjé mu, kí ó sì rà á lọ́wọ́ ẹni tí ó ṣe é fọkàn tán, nítorí omi tí a pa láró kì í ṣe kúláǹtì. Bí wọ́n bá wí pé ó wọ́n, àwa béèrè pé: ó ha wọ́n tó orí ẹ́ńjìnì bí? Ṣùgbọ́n kí a kíyè sí i pé májèlé ni ethylene glycol tí ó wà nínú ọ̀pọ̀ rẹ̀, ó sì dùn lẹ́nu. Kí a pa á mọ́ kúrò lọ́dọ̀ ọmọdé àti ẹran ọ̀sìn.

Ẹgbẹ́ kejì ṣì kù tí a ó bá wí: àwọn tí owó wà lọ́wọ́ wọn, tí wọ́n rò pé títóbi ni oògùn ohun gbogbo. Ọkọ̀ gbóná, wọ́n sáré lọ ra rédíétọ̀ àlùmíníọ́mù ńlá, wọ́n fi fáànù oníná méjì sí i, wọ́n sì fi ìdérí líle dé e. A kò bú rédíétọ̀ titun. Ó ní àyè tirẹ̀ lẹ́yìn tí a bá ti fọ inú ẹ́ńjìnì mọ́, tí a sì ti mọ àìsàn rẹ̀. Ṣùgbọ́n a kì í fi ètè sílẹ̀ pa làpálàpá. Bí ìpẹtà bá kún inú ẹ́ńjìnì, inú rédíétọ̀ titun náà ni yóò wá sùn sí. Ti ìdérí ni ó léwu jù. Omi lásán ń hó ní 100°C létí òkun. Bí ìdérí bá há a mọ́ pẹ̀lú agbára pọ́ùn 4 lórí ínṣì onígun mẹ́rin kọ̀ọ̀kan, kò ní hó títí yóò fi tó nǹkan bí 107. Bí ó bá jẹ́ pọ́ùn 15, á tó nǹkan bí 121. Èyí dára fún ọkọ̀ tí a ṣe fún un. Ṣùgbọ́n ẹni tí ó fi ìdérí pọ́ùn 15 dé rédíétọ̀ ògbólógbòó tí a ṣe fún pọ́ùn 4, wáìnì titun ni ó dà sínú ìgò awọ àtijọ́.

Láti inú èyí kan náà ni kí àwọn ọmọ wa ti mọ ìdí tí a kì í fi í ṣí rédíétọ̀ gbígbóná. Omi inú rẹ̀ ti kọjá 100, ìdérí nìkan ni kò jẹ́ kí ó hó. Bí a bá ṣí i, apá kan nínú rẹ̀ á di ooru omi lójú kan náà, á sì tú jáde sí ojú àti àyà ẹni tí ó tẹ̀ ba lé e. Kí a pa ẹ́ńjìnì, kí a dúró títí a ó fi lè gbé ọwọ́ lé rọ́bà òkè láìjó wa, kí a tó fi aṣọ tí ó nípọn ṣí i díẹ̀díẹ̀. Kí a má sì ṣe bu omi tútù sínú ẹ́ńjìnì tí ó ń jó, nítorí orí rẹ̀ lè sán.

Ẹ̀yin olùkọ́, ọwọ́ yín ni àtúnṣe wà. Ẹ gba tẹmosítáàtì ògbólógbòó kan lọ́wọ́ mẹkáníìkì àdúgbò yín kí ó tó sọ ọ́ nù. Ẹ fi okùn so ó kọ́ sínú ìkòkò omi, ẹ ti ìwọ̀n-ooru bọ omi náà, kí ẹ sì dáná sí i ní iwájú àwọn ọmọ. Kí wọ́n kọ nọ́ńbà tí ilẹ̀kùn fi ṣí sílẹ̀, kí wọ́n sì fi wé èyí tí a tẹ̀ sí i lára. Bí ó bá ṣí nígbà tí ó yẹ, kí wọ́n bi ara wọn léèrè ẹ̀ṣẹ̀ tí ó ṣẹ̀ tí a fi jù ú nù. Lára àwọn ọmọ wọ̀nyí ni mẹkáníìkì ọ̀la yóò ti jáde, lára wọn ni àwọn tí yóò ni ọkọ̀ yóò ti jáde pẹ̀lú. Ẹ kọ́ wọn láti wádìí ìdí ohun kí wọ́n tó gé e kúrò, kí wọ́n má sì ṣe gba "ilẹ̀ wa gbóná" gẹ́gẹ́ bí ìdáhùn lẹ́nu ẹnikẹ́ni tí kò tíì wọn ooru náà.