Ẹ Bá Bàbá Sọ̀rọ̀
Bí àgbà bá ń ṣarán, a óò wẹ̀ fún un, a óò bọ́ ọ yó, ọ̀rọ̀ nìkan ni a kì í bá a sọ. Àṣìṣe ni, ẹ̀yin èèyàn wa. Ní ọdún 2018, àwọn olùwádìí ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì sọ ohun tí wọ́n rí ní ilé ìtọ́jú arúgbó 69. Wọ́n kọ́ àwọn olùtọ́jú láti mọ ohun tí arúgbó kọ̀ọ̀kan fẹ́ràn, kí wọ́n sì máa bá a tàkúrọ̀sọ, wákàtí kan péré lọ́sẹ̀. Ayé dẹ̀ wọ́n lọ́rùn sí i, ìkanra wọn sì dín kù. Wákàtí kan! Bàbá tó ta aṣọ ní Gbági, bí kò tilẹ̀ mọ orúkọ ọmọ rẹ̀ mọ́, ẹ gbé aṣọ lé e lọ́wọ́, kí ẹ bi í ní iye ọ̀pá kan. Bí ó bá ní ṣílè méjì, ẹ ná an.