Ìtọ́jú Ilé: Ọdẹ Kékeré Ara Ògiri

Ní oṣù tí ó kọjá, inú ilé ìdáná ni a jọ wà. Ní oṣù yìí, ẹ̀yìnkùlé ni mo fẹ́ kí á jọ rìn dé, pàápàá ní òru, nígbà tí kò wu ẹnikẹ́ni nínú wa láti dé ibẹ̀.

Ojú ni alákàn fi ń ṣọ́ orí. Ṣùgbọ́n obìnrin tí ó ti dáná, tí ó ti fọ aṣọ, tí ó sì ti fún ọmọ lọ́mú ní ìgbà mẹ́ta láti ìgbà tí ilẹ̀ ti ṣú, ojú wo ni yóò tún fi ṣọ́ ẹ̀yìnkùlé ní aago méjì òru? Èyí ni ó mú kí ọ̀pọ̀lọpọ̀ nínú wa máa ra ẹ̀rọ kékeré funfun kan tí àwọn oníṣẹ́ iná ń pè ní sẹ́ńsọ̀. Èmi a máa pè é ní ẹ̀rọ afura, nítorí pé ìfura ni gbogbo iṣẹ́ rẹ̀. Méjì ni wọ́n. A ó kan ọ̀kan mọ́ ara ògiri ní ìta, a ó sì gbé èkejì, èyí tí ń dún, sí inú yàrá. Wáyà kankan kò so wọ́n pọ̀, bátìrì ni ó sì ń gbé ti ìta ṣiṣẹ́. Bí ènìyàn bá kọjá níwájú ti ìta, yóò ránṣẹ́ sí ti inú ilé gẹ́gẹ́ bí ilé iṣẹ́ rédíò ti ń ránṣẹ́ sí rédíò wa, ti inú ilé yóò sì ké.

Rírà rẹ̀ kò ṣòro. Ibi tí a ó fi í sí, àti bí a ó ṣe tún un ṣe títí yóò fi mọ ohun tí ó yẹ kí ó ké sí, ibẹ̀ ni iṣẹ́ wà, ibẹ̀ sì ni èmi fúnra mi ti kọsẹ̀.

Ní oṣù Kẹta ọdún 2023, bàbá àwọn ọmọ mi lọ sí ìrìn àjò ọlọ́sẹ̀ mẹ́ta. Kí ó tó lọ, ó ra ẹ̀rọ yìí, ó sì ní kí ọmọkùnrin kan tí ń ṣe iṣẹ́ iná wá kàn án. Ọmọ náà kàn án sí òkè ìlẹ̀kùn ilé ìdáná, ó sì kọ ojú rẹ̀ sí àwọn igi ọ̀gẹ̀dẹ̀ àti ilé jẹnẹrétọ̀, bóyá nítorí pé ibẹ̀ ni àkàbà rẹ̀ gùn dé. Ní òru àkọ́kọ́, ẹ̀rọ náà ké nígbà mọ́kànlá. Ní ìgbàkígbà tí ó bá ké, èmi yóò dìde, n ó tan tọ́ọ̀ṣì láti ojú fèrèsé, n ó sì rí ewé ọ̀gẹ̀dẹ̀ tí ń jùwọ́ sí mi. Ní òru kejì, ewúrẹ́ aládùúgbò wa ni. Ní òru kẹta, mo yọ bátìrì rẹ̀ kúrò, mo gbé e sórí tábìlì ẹ̀gbẹ́ ibùsùn mi, mo sì sùn oorun àsùnwọra.

Ní òru karùn-ún ni àwọn olè wọlé. Wọ́n gbé sílíńdà gáàsì, wọ́n tú ẹ̀rọ tí ń fa omi láti inú kànga, wọ́n sì kó àwọn ìkòkò ńlá tí mo fi ń se àsè. Wọn kò fọwọ́ kan ẹnikẹ́ni, mo dúpẹ́. Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, mo dúró ní ẹ̀yìnkùlé, mo sì ń wo ipa ẹsẹ̀ wọn. Abẹ́ ẹ̀rọ náà gan-an ni wọ́n gbà kọjá. Àwọn olè kò fọ́ ọ lójú. Èmi ni mo fọ́ ọ lójú, nítorí pé ó ti fi ariwo asán dá mi lágara.

Ìdí nìyí tí mo fi ń sọ fún àwọn ọmọbìnrin tí ń bi mí léèrè pé, ẹ má kọ́kọ́ béèrè bóyá ẹ̀rọ náà ń ké. Ẹ béèrè bóyá ó mọ ìgbà tí ó yẹ kí ó dákẹ́.

Kí á tó lè kọ́ ọ bí a ti ń dákẹ́, ó yẹ kí á mọ ohun tí ó ń rí. Kì í ṣe ènìyàn ni ó ń rí, kì í sì í ṣe ìrìn gan-an. Ooru ni. Gbogbo ara tí ó gbóná ni ó ń tú ìtànṣán ooru jáde tí ojú wa kò lè rí. Ike funfun tí ó rí kọ̀rọ̀bọ̀tọ̀ ní iwájú ẹ̀rọ náà pín ẹ̀yìnkùlé sí ọ̀nà tóóró tóóró. Nígbà tí ohun tí ó gbóná ju àyíká rẹ̀ lọ bá bọ́ láti inú ọ̀nà kan sí òmíràn, ẹ̀rọ yóò fura. Ẹ la ìka ọwọ́ yín sílẹ̀ ní iwájú ojú yín, kí ẹ sì wo ọmọ tí ń sáré kọjá láti ọ̀tún sí òsì. Ẹ ó rí i pé ó ń fara hàn, ó sì ń farasin, láàárín ìka kan àti èkejì. Ṣùgbọ́n bí ọmọ náà bá ń bọ̀ tààrà sọ́dọ̀ yín, ó lè pẹ́ láàárín ìka méjì péré. Bẹ́ẹ̀ náà ni fún ẹ̀rọ yìí. Ẹni tí ó ń dá a kọjá ní ìbú ni ó tètè ń rí. Ẹni tí ó ń bọ̀ tààrà, ó lè sún mọ́ ọn kí ó tó mọ̀. Nítorí náà, bí ọ̀nà àbáwọlé bá wà ní ẹ̀gbẹ́ ilé, ẹ má ṣe kọjú ẹ̀rọ sí ẹnu ọ̀nà náà. Ẹ fi í sí ibi tí ẹni tí ń bọ̀ yóò ti gba iwájú rẹ̀ kọjá.

Nígbà tí mo mọ èyí, mo rí àṣìṣe wa gbangba. Ewé ọ̀gẹ̀dẹ̀ tí oòrùn ti ràn mọ́ láti àárọ̀ máa ń gbóná, bí afẹ́fẹ́ bá sì ń fẹ́ ẹ, lójú ẹ̀rọ, ohun gbígbóná ni ó ń rìn. Èéfín jẹnẹrétọ̀ ńkọ́? Ooru tí ń tú jáde ni. Ẹ̀yìn ẹ̀rọ amúlétutù àti okùn tí a sá aṣọ sí kò yàtọ̀. Kò dára pẹ̀lú kí ẹ kọ ojú rẹ̀ sí ìlà oòrùn tàbí ìwọ̀ oòrùn níbi tí ìtànṣán yóò ti máa wọ̀ ọ́ lójú. Ẹlòmíràn a máa rò pé òun yóò fi í pamọ́ sí inú yàrá kí òjò má baà pa á, kí ó máa wo ìta láti ẹ̀yìn gíláàsì fèrèsé. Kò ní rí nǹkan kan, nítorí pé ìtànṣán ooru ara kì í la gíláàsì kọjá. Abẹ́ etí òrùlé ni kí ẹ fi í sí.

Ní ti gíga, bíi mítà 2, ìyẹn ẹsẹ̀ bàtà 6 àbọ̀ sí 7, ni ó bá púpọ̀ nínú wọn mu. Bí ó bá lọ sókè jù, ẹsẹ̀ ògiri yóò di ibi ìsápamọ́. Bí ó bá wálẹ̀ jù, ọmọdé yóò fi ṣeré. Ẹ jẹ́ kí ó dúró ṣánṣán. Bí ẹ bá gbé ojú rẹ̀ sókè, àwọn tí ń kọjá ní òpópónà ni yóò máa kà fún yín títí ilẹ̀ yóò fi mọ́.

Ẹ má ṣe jẹ́ kí ẹnikẹ́ni lu ihò sí ara ògiri yín kí ẹ tó dán ọ̀nà tí ó ń gbà ránṣẹ́ wò. Ẹ jẹ́ kí ẹnìkan gbé e dání ní ibi tí ẹ fẹ́ kàn án sí, kí ẹ sì ti ìlẹ̀kùn bí ẹ ti máa ń tì í ní alẹ́. Èyí ṣe pàtàkì, nítorí pé ìlẹ̀kùn onírin, páànù, ògiri tí ó nípọn àti táǹkì omi a máa dí i lọ́wọ́. Ohun tí ń dún dáadáa ní ọ̀sán, nígbà tí gbogbo ilẹ̀kùn ṣí sílẹ̀, lè yadi ní òru. Bí ti inú ilé kò bá gbọ́, ẹ gbé e sún mọ́ fèrèsé ẹ̀yìn. Bí ó bá sì ń ké nígbà tí ẹnikẹ́ni kò sí ní ẹ̀yìnkùlé yín rárá, ó ṣeé ṣe kí aládùúgbò yín ti ra irú rẹ̀, kí àwọn méjèèjì sì máa sọ èdè kan náà. Ìwé tí ó bá a wá yóò sọ bí a ti ń yí èdè tiyín padà.

Wàyí o, títún un ṣe. Bí a bá ṣẹ̀ṣẹ̀ fi bátìrì sí i, ẹ fi í sílẹ̀ fún ìṣẹ́jú kan tàbí méjì, kí ẹnikẹ́ni má ṣe kọjá níwájú rẹ̀, nítorí pé ó ń kọ́kọ́ mọ ilẹ̀ tí ó wà. Lẹ́yìn èyí, kí ẹnìkan jókòó ti èyí tí ń dún, kí ẹlòmíràn sì máa rìn wẹ́lẹ́wẹ́lẹ́ ní ẹ̀yìnkùlé. Ibi tí ó bá ti ké, ẹ da eérú díẹ̀ sí ibẹ̀. Ẹ fi sùúrù ṣe é, nítorí pé púpọ̀ nínú àwọn oníbátìrì yìí a máa sinmi fún ìṣẹ́jú méjì tàbí mẹ́ta lẹ́yìn tí wọ́n bá ké tán, kí bátìrì má baà tètè kú. Ẹni tí kò bá mọ èyí yóò máa rìn sókè sódò, yóò sì ní ẹ̀rọ ti bàjẹ́. Nígbà tí eérú bá ti pọ̀ tó, ẹ ó rí ibi tí ojú rẹ̀ mọ kedere lórí ilẹ̀.

Lára òmíràn ẹ ó rí kókó kékeré tí a ń yí, tí wọ́n kọ SENS sí: èyí ni ti bí ojú rẹ̀ yóò ti ríran jìnnà tó. Bí tiyín bá ní gílóòbù lára, TIME ni ti bí iná yóò ti pẹ́ tó kí ó tó kú, LUX sì ni ti bí ilẹ̀ yóò ti ṣú tó kí ó tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́. Ẹ bẹ̀rẹ̀ láti àárín, kí ẹ sì máa yí i díẹ̀díẹ̀.

Ohun kan wà tí ọmọkùnrin oníṣẹ́ iná wa kò sọ fún mi. Ẹ̀rọ yìí kì í ríran dọ́gba ní gbogbo ìgbà. Ìyàtọ̀ tí ó wà láàárín ooru ara ènìyàn àti ooru àyíká ni ó ń wò. Ní ọ̀sán ẹ̀ẹ̀rùn, nígbà tí ilẹ̀ àti ògiri gbóná tó ara wa, ìyàtọ̀ náà kéré, ojú rẹ̀ a sì ṣú. Ní ìdájí ọyẹ́, ìyàtọ̀ náà pọ̀, yóò sì ríran jìnnà réré. Mo ti yí kókó tèmi dé òpin ní aago méjì ọ̀sán, nítorí pé kò rí mi. Nígbà tí ó di ìdájí, ó ń ké sí àwọn tí ń lọ sí ọjà! Nítorí náà, ẹ tún un dán wò ní alẹ́ àti ní ìdájí kí ẹ tó gbà pé iṣẹ́ ti parí.

Bí apá kan bá wà tí ẹ kò fẹ́ kí ó máa wò, ẹ gé téèpù dúdú tí àwọn oníṣẹ́ iná fi ń di wáyà, kí ẹ lẹ̀ ẹ́ mọ́ apá ibẹ̀ lára ike iwájú rẹ̀. Ọ̀nà yìí ni mo fi pa ojú rẹ̀ mọ́ kúrò lára òpópónà. Ní ti ewúrẹ́, àwọn kan a máa lẹ téèpù mọ́ ìsàlẹ̀ ike náà kí ó má baà rí ohun tí ń rìn nílẹ̀. Èmi kò fara mọ́ ọn, nítorí pé olè náà mọ bí a ti ń rá kòrò. Mo tún ọgbà ṣe.

Ẹ máa nu ojú rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan lóṣù pẹ̀lú aṣọ rírọ̀ tí a fi omi rin, pàápàá ní àkókò ọyẹ́. Aláǹtakùn fẹ́ràn ibẹ̀ púpọ̀, ọmọ́nílé sì lè gun ojú rẹ̀. Ẹ má ṣe fi kẹrosíìnì nù ún. Bí ẹ bá ń pààrọ̀ bátìrì, ẹ pààrọ̀ gbogbo rẹ̀ pọ̀. Ẹ má ṣe po tuntun mọ́ ògbólógbòó.

Ọ̀rọ̀ bátìrì yìí, ẹ jọ̀wọ́, ẹ fara balẹ̀ gbọ́ ọ. Àwọn kan nínú ẹ̀rọ wọ̀nyí ń lo bátìrì pẹlẹbẹ bíi kọ́bọ̀. Bí ọmọ bá gbé e mì, ó lè bẹ̀rẹ̀ sí í jó ọ̀nà ọ̀fun rẹ̀ láàárín wákàtí 2 péré. Ẹ má dúró wò ó, ẹ má sì fi ipá mú un bì. Ilé ìwòsàn ni kí ẹ gbé e lọ lójú ẹsẹ̀. Èyí tí ó ti kú pàápàá ṣì léwu, nítorí náà ẹ má ṣe jù ú sí ilẹ̀ yàrá.

Bí ẹ̀rọ bá sì ké ní òru, ẹ má ṣe dá jáde láti lọ wo ohun tí ó ń ké sí. Ẹ tan iná ìta láti inú ilé, ẹ pe àwọn aládùúgbò lórí fóònù, kí ẹ sì jẹ́ kí ìlẹ̀kùn wà ní títì.

Tèmi ti wà ní igun ilé báyìí, ó ń wo ìbú ẹ̀yìnkùlé, ó sì lè dákẹ́ fún odidi ọ̀sẹ̀. Ní oṣù Kẹjọ ọdún 2024, àkọ́bí mi kó àwọn ọmọ rẹ̀ wá kí mi. Ní òwúrọ̀ ọjọ́ Àìkú, kí ilẹ̀ tó mọ́ dáadáa, ó ké lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Mo yọjú láti ojú fèrèsé, mo sì rí èyí àbíkẹ́yìn, ọmọ ọdún mẹ́ta, tí ó ti fà kọ́kọ́rọ́ ìlẹ̀kùn ilé ìdáná yọ, tí ó ń lọ ní ìhòòhò sí ìdí kànga pẹ̀lú ife lọ́wọ́. Mo sáré jáde. Ideri kànga wà ní títì, ó jókòó lé e lórí, ó sì ní òun fẹ́ bu omi fún ìyá àgbà.