Ẹni Tó Wà Nínú Ibú Kì í Sáré Gòkè

Lónìí, a fẹ́ mú yín lọ sí ìsàlẹ̀ òkun, níbi tí ọ̀pọ̀ nínú wa kò ní í dé láyé wa. Ẹ̀kọ́ kan wà níbẹ̀ tí ó kan inú ilé wa gan-an.

Ní ìdájí ọjọ́ Ìsinmi, 26 oṣù Karùn-ún ọdún 2013, ọkọ̀ ojú omi kan tí à ń pè ní Jascon-4 dojú dé lórí òkun, ní nǹkan bí 30 kìlómítà sí Escravos ní Ìpínlẹ̀ Delta. Ọkọ̀ tí ń fa àwọn ọkọ̀ ńlá tí ń gbé epo ni. Aago márùn-ún kò tíì lù. Ènìyàn 12 ni ó wà nínú rẹ̀, ọ̀pọ̀ wọn sì ti ilẹ̀kùn yàrá wọn pa nítorí ìbẹ̀rù àwọn olè orí omi. Ìgbì ńlá gbá ọkọ̀ náà, ó yí padà, ó sì rì.

Alásè inú ọkọ̀ náà, Harrison Okene, ẹni ọdún 29, wà ní ilé ìgbọ̀nsẹ̀ nígbà tí èyí ṣẹlẹ̀. Omi gbá a kiri títí ó fi bá ara rẹ̀ nínú yàrá kékeré kan tí afẹ́fẹ́ díẹ̀ ṣẹ́kù sí. Ọkọ̀ náà fìdí sọlẹ̀ ní nǹkan bí 30 mítà sí ojú omi, Okene sì wà nínú rẹ̀. Òkùnkùn biribiri ni. Òtútù ń mú un, iyọ̀ òkun ti bó awọ ahọ́n rẹ̀, ìgò Coca-Cola kan ṣoṣo ni ó sì rí mu. Aya rẹ̀ ti fi ọ̀rọ̀ Sáàmù ránṣẹ́ sí i lórí fóònù kí ọkọ̀ náà tó rì. Èyí ni ó ń kà léraléra láti inú ọkàn rẹ̀. Ó dá wa lójú pé ọ̀pọ̀ nínú yín ti ń rántí Jónà.

Ní ọjọ́ Ìṣẹ́gun, àwọn amòòkùn dé, ìyẹn àwọn tí iṣẹ́ wọn jẹ́ wíwọ ìsàlẹ̀ omi. Òkú ni wọ́n wá kó. Okene gbọ́ ìró wọn, ó kan irin ọkọ̀ kí wọ́n lè gbọ́ òun náà. Ọ̀kan nínú wọn rí ọwọ́ kan nínú omi, ó rò pé ọwọ́ òkú mìíràn ni. Bí ó ti nawọ́ sí i, ọwọ́ náà gbá tirẹ̀ mú. Lẹ́yìn nǹkan bí 60 wákàtí, ènìyàn kan ṣì wà láàyè nínú ọkọ̀ náà. Àwọn 11 yòókù ti lọ.

Olùkàwé wa, ibí yìí ni a sábà máa ń parí ìtàn náà sí, tí a ó sì pàtẹ́wọ́. Ṣùgbọ́n àwọn amòòkùn wọ̀nyẹn mọ̀ pé ibẹ̀ gan-an ni iṣẹ́ ti bẹ̀rẹ̀. Bí wọ́n bá fà á gòkè lójú ẹsẹ̀, yóò kú mọ́ wọn lọ́wọ́.

Èéṣe? Ẹ jẹ́ kí a ṣe àlàyé rẹ̀ bí ó ti yé wa. Nínú afẹ́fẹ́ tí à ń mí, bí ìdá mẹ́rin nínú márùn-ún ni a ń pè ní náítírójìn. Lórí ilẹ̀, kì í ṣe wá ní nǹkan kan. Bí ó ti ń wọlé ni ó ń jáde. Ṣùgbọ́n bí ènìyàn bá wọ inú omi, omi yóò máa tẹ̀ ẹ́. Bí ó bá ti sọ̀kalẹ̀ ní mítà 10, ìtẹ̀ náà á pọ̀ sí i bí ìwọ̀n tí afẹ́fẹ́ ayé fi ń tẹ̀ wá lórí ilẹ̀. Nígbà tí ó bá dé 30 mítà, ó ti di ìlọ́po mẹ́rin. Ìtẹ̀ yìí ni ó ń ti náítírójìn wọ inú ẹ̀jẹ̀, inú ọ̀rá, àti inú oríkèé ara. Bí ènìyàn bá ṣe pẹ́ tó nísàlẹ̀ ni yóò ṣe pọ̀ tó nínú rẹ̀. Kò ní í mọ̀ ọ́n lára.

Ẹ wo ìgò mínírà. Nígbà tí ìdérí wà lórí rẹ̀, ẹ kì í rí ohun tí ń hó níbẹ̀. Ẹ mì ín, kí ẹ sì ṣí i lójijì: yóò ru sókè, yóò sì dà sí yín láṣọ. Ṣùgbọ́n bí ẹ bá rọra tú ìdérí rẹ̀ díẹ̀díẹ̀, afẹ́fẹ́ inú rẹ̀ á jáde, mínírà á sì dúró sínú ìgò. Báyìí ni ẹ̀jẹ̀ amòòkùn ṣe rí. Bí ó bá sáré gòkè, náítírójìn á hó nínú ẹ̀jẹ̀ rẹ̀. Ó lè rọ ọ́ lẹ́sẹ̀, ó lè ba ọpọlọ jẹ́, ó sì lè pa á.

Kì í ṣe amòòkùn nìkan ni ó jìyà rẹ̀. Nígbà tí wọ́n ń kọ́ afárá Brooklyn ní ìlú New York ní àwọn ọdún 1870, inú àpótí ńlá tí wọ́n rọ afẹ́fẹ́ sí nísàlẹ̀ odò ni àwọn òṣìṣẹ́ ti ń gbẹ́ ìpìlẹ̀. Bí wọ́n bá jáde, oríkèé á máa ro wọ́n, ara àwọn mìíràn á rọ, àwọn kan sì kú. Washington Roebling, ọ̀gá iṣẹ́ náà fúnra rẹ̀, kò bọ́ níbẹ̀. Láti ọdún 1872 ni àìsàn yìí ti dá a jókòó sílé. Emily aya rẹ̀ ni ó ń gbé ọ̀rọ̀ rẹ̀ lọ fún àwọn òṣìṣẹ́ títí wọ́n fi ṣí afárá náà ní 1883. Ní 1908 ni John Scott Haldane, onímọ̀ ìjìnlẹ̀ ọmọ Scotland, tẹ ìlànà jáde pé kí amòòkùn máa gòkè ní ìpele-ìpele: kí ó gòkè díẹ̀, kí ó dúró, kí ó tó tún gòkè. Àwọn àgbà wa ti sọ ọ́ tipẹ́ pé ẹ̀sọ̀ ẹ̀sọ̀ ni ìgbín fi ń gun igi.

Nítorí náà, kí ni wọ́n ṣe fún Okene? Wọ́n kọ́kọ́ fi omi gbígbóná mú ara rẹ̀ yá. Wọ́n fi ẹ̀rọ ìmí sí i lójú, wọ́n sì mú un wọ inú àpótí irin tí ó ń gbé àwọn amòòkùn gòkè. Láti ibẹ̀, ó bọ́ sínú yàrá irin kan lórí ọkọ̀ wọn. Nínú yàrá náà, afẹ́fẹ́ ń tẹ̀ ẹ́ gẹ́gẹ́ bí omi ti ń tẹ̀ ẹ́ nísàlẹ̀. Wọ́n wá ń dín in kù díẹ̀díẹ̀. Èyí náà gbà á tó nǹkan bí 60 wákàtí. Ẹ wò ó, ará: iye wákàtí tí ó lò nínú ibú ni ó tún lò kí ó tó lè fẹsẹ̀ tẹ ilẹ̀. Ó ti là, ṣùgbọ́n kò tíì délé.

Nígbà tí ó sì délé, kò tíì tán. Ó sọ fún àwọn oníròyìn pé bí òun bá sùn, ó máa ń dà bí ẹni pé ibùsùn òun ń rì, òun á sì fò dìde pẹ̀lú igbe. Kò lè lọ síbi ìsìnkú àwọn tí wọ́n jọ ń ṣiṣẹ́, nítorí kò mọ ohun tí àwọn ẹbí wọn yóò sọ nígbà tí wọ́n bá rí òun nìkan. Nínú ìjọ pàápàá, a rí ẹni tó bi í bóyá agbára òkùnkùn ni ó lò tí ó fi yè. Ẹ̀yin ará, ǹjẹ́ ó yẹ bẹ́ẹ̀?

Kí a tó dá ẹnikẹ́ni lẹ́bi, àwa náà ní ohun tí a fẹ́ jẹ́wọ́. Ọmọ ìyá kan nínú ìjọ wa gba ọ̀nà aṣálẹ̀ lọ sí Libya. Ó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ọdún méjì tí a kò gbúròó rẹ̀. Nígbà tí ó dé, inú wa dùn púpọ̀. Ọ̀sẹ̀ kejì ni a ti pè é sórí pẹpẹ kí ó wá jẹ́rìí. Ó di ẹ̀rọ gbohùngbohùn mú, kò lè sọ ju gbólóhùn méjì lọ. Àwa tí à ń kọ ìwé yìí wà lára àwọn tí ń kígbe pé kí ó máa sọ ọ́ lọ. Láti ọjọ́ náà, a kò rí i mọ́ nínú ìjọ. Nígbà tí a lọ kí ìyá rẹ̀, ìyá náà kò bú wa. Ohun tí ó sọ ni pé, “Ẹ ṣé o, ẹ̀yin ará. Ẹ ti gbé ọmọ mi sórí pẹpẹ kí ó tó fọ eruku ẹsẹ̀ rẹ̀.” A kò rí èsì fọ̀.

Ó ṣeé ṣe kí ẹni bẹ́ẹ̀ wà nílé yín báyìí. Ó lè jẹ́ ọmọ tí ó jáde lẹ́wọ̀n, tàbí ẹni tí ó jáwọ́ nínú oògùn olóró, tàbí ìyàwó tí oyún bà jẹ́ lára rẹ̀, tàbí ọkùnrin tí iṣẹ́ bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀ tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ rí òmíràn. Ẹ jẹ́ kí a kọ́ ìlànà mẹ́ta lọ́dọ̀ àwọn amòòkùn. Ìlànà wọ̀nyí ni wọ́n fi ń kọ́ àwọn tí ń gbé sílíńdà afẹ́fẹ́ sẹ́yìn wọ òkun, irú èyí tí Jacques-Yves Cousteau àti Émile Gagnan ṣe ní ilẹ̀ Faransé ní 1943. Bí àwọn ọmọ wa tó wà lókè òkun bá fẹ́ ṣe é nígbà ìsinmi, kí wọ́n má ṣe wọ omi láìjẹ́ pé olùkọ́ tó gbàwé ẹ̀rí ti kọ́ wọn.

Èkíní: má ṣe di èémí rẹ mú nígbà tí o bá ń gòkè. Afẹ́fẹ́ tí ó kún ẹ̀dọ̀fóró ní 10 mítà yóò di ìlọ́po méjì kí ó tó dé ojú omi, ó sì lè fa ẹ̀dọ̀fóró ya. Nínú ilé, bí ẹni náà bá fẹ́ sọ̀rọ̀ ní òru, ẹ dìde gbọ́ ọ. Ẹ má ṣe sọ pé, “Gbàgbé ẹ̀, ó ti kọjá.” Bí kò bá sì fẹ́ sọ̀rọ̀, ẹ má fipá mú un.

Èkejì: má ṣe yára ju ìwọ̀n lọ. Nǹkan bí mítà mẹ́sàn-án ní ìṣẹ́jú kan ni ọ̀pọ̀ olùkọ́ fọwọ́ sí. Bí ó bá ku mítà márùn-ún sí ojú omi, amòòkùn á dúró fún ìṣẹ́jú mẹ́ta, bí ó tilẹ̀ ń rí ìmọ́lẹ̀ lókè. Kì í sì í wọ bàálù títí wákàtí 12 ó kéré tán. Bí ó bá mòòkùn ju ẹ̀ẹ̀kan lọ, 18. Ẹ̀yin òbí, ẹ má ṣe bèèrè owó, ìgbéyàwó, tàbí ẹ̀rí lọ́wọ́ ẹni tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé. Ẹ jẹ́ kí ó jẹun, kí ó sùn.

Ẹ̀kẹta: ẹnikẹ́ni kì í dá wọ omi. Méjì-méjì ni wọ́n ń lọ, ẹnì kan ń wo ẹnì kejì, wọ́n sì jọ ń gòkè ni. Ẹ yan ẹnì kan nínú ilé tí yóò máa bá a rìn, kì í ṣe gbogbo ẹbí lẹ́ẹ̀kan náà. Bí ọkàn rẹ̀ kò bá sì balẹ̀ lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mélòó kan, ẹ mú un lọ sọ́dọ̀ dókítà. Kò sí ìtìjú níbẹ̀, kò sì dí àdúrà lọ́wọ́.

Okene ti sọ pé òun kò ní í dé ojú òkun mọ́. Ṣùgbọ́n lẹ́yìn ọdún díẹ̀, ó padà lọ kọ́ iṣẹ́ amòòkùn, ó sì gbàwé ẹ̀rí. Àwọn tí ó fà á yọ kò kánjú pẹ̀lú rẹ̀.

Ní ti ọmọ ìyá yẹn, a ti padà lọ bẹ̀ ẹ́. A kò pè é wá sí ìjọ. A gbé oúnjẹ lọ, a jókòó tì í, a sì jọ wo bọ́ọ̀lù. Nígbà tí a fẹ́ dìde, ó ní kí a tún wá ní ọ̀sẹ̀ tí ń bọ̀. A ó lọ.

Ó di oṣù tí ń bọ̀ o.