Ọ̀wẹ̀ Kọ̀ǹpútà: Oko Ta Ni A Ó Bá Ro?

Ọ̀rọ̀ tí a fẹ́ bá yín sọ lójú ewé yìí kò ti ọ̀dọ̀ wa wá. Ọ̀dọ́mọkùnrin ọmọ Kétu kan ló gbé e wá bá wa. Kíláàsì première ló wà, òun sì ni àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ fi ṣe olùtọ́jú yàrá kọ̀ǹpútà ilé ẹ̀kọ́ wọn. Kọ̀ǹpútà mẹ́fà ló wà nínú yàrá náà. Àwọn ọmọ ìlú tó wà lókè òkun ló kó wọn jọ fi ránṣẹ́. Lọ́sàn-án, àwọn akẹ́kọ̀ọ́ a máa lò wọ́n. Bí wọ́n bá ti jáde tán, wọn a ti ilẹ̀kùn, àwọn ẹ̀rọ náà a sì jókòó lásán títí di ọjọ́ kejì. Ó ti kà á pé ènìyàn lè fi agbára kọ̀ǹpútà tí kò ríṣẹ́ ṣe ran àwọn onímọ̀ sáyẹ́ǹsì lọ́wọ́. Ìbéèrè rẹ̀ kò gùn: “Ẹ̀yin àgbà, nínú gbogbo iṣẹ́ wọ̀nyí, èwo ni kí tiwa ṣe?”

Inú wa dùn sí ìbéèrè náà, nítorí pé ohun tó gbé wá bí ẹni gbé ohun àjèjì wá, àwọn bàbá wa mọ̀ ọ́n. Àgbẹ̀ tí iṣẹ́ oko rẹ̀ bá ju agbára rẹ̀ lọ a máa ké sí àwọn ẹlẹ́gbẹ́ rẹ̀. Bí ó bá jẹ́ pé òní ni wọ́n ro tirẹ̀, tí ọ̀la sì jẹ́ ti ẹlòmíràn, àáró nìyẹn. Bí ó bá jẹ́ pé ó bẹ gbogbo ará àdúgbò kí wọ́n wá parí iṣẹ́ ńlá lọ́jọ́ kan ṣoṣo, tí kò sì sí ẹni tó ń ka ọjọ́ tí òun yóò gba tirẹ̀ padà, ọ̀wẹ̀ nìyẹn. Ọ̀wẹ̀ ni iṣẹ́ kọ̀ǹpútà yìí. Ìyàtọ̀ kan péré ló wà níbẹ̀: ẹni tó bẹ ọ̀wẹ̀ nílé wa ní láti se oúnjẹ kó sì pọn omi sílẹ̀ de àwọn òṣìṣẹ́. Nínú ọ̀wẹ̀ kọ̀ǹpútà, ẹni tó wá ṣiṣẹ́ ló ń gbé oúnjẹ tirẹ̀ wá látilé. A ó padà sórí oúnjẹ yìí láìpẹ́.

Bí wọ́n ti ń ṣe é nìyí. Iṣẹ́ ìṣirò kan wà tó tóbi tó bẹ́ẹ̀ tí ẹ̀rọ kan ṣoṣo ìbá fi ọ̀pọ̀ ọdún ṣe é. Àwọn onímọ̀ a gé e sí wẹ́wẹ́. Ẹni tó bá yọ̀ǹda kọ̀ǹpútà rẹ̀ a gba ètò kékeré kan láti orí íntánẹ́ẹ̀tì. Ètò náà a lọ gba ègé iṣẹ́ kan, a ṣe é nígbà tí ẹ̀rọ kò bá ríṣẹ́ gidi ṣe, a dá èsì padà, a sì tún gba òmíràn. Ní ọ̀pọ̀ ibi, wọn a fún ẹ̀rọ méjì ní ègé kan náà kí wọ́n lè fi èsì ọ̀kan wé ti èkejì, nítorí pé wọn kò mọ ẹni tó ni ẹ̀rọ náà, wọn kò sì lè gba ohun tó bá ti rán wá gbọ́ láìwádìí.

Iṣẹ́ tí ọ̀dọ́mọkùnrin wa fọkàn sí ni SETI@home. Inú ìwé Faransé àtijọ́ kan ló ti kà nípa rẹ̀. Yunifásítì California ní Berkeley ló bẹ̀rẹ̀ rẹ̀ ní oṣù karùn-ún ọdún 1999. Wọ́n ń tú ariwo tí ẹ̀rọ rédíò ńlá gbà láti ojú ọ̀run wò, bóyá ohùn ẹ̀dá olóye kan wà nínú rẹ̀. Iṣẹ́ yẹn ló sọ ọ̀wẹ̀ kọ̀ǹpútà di ohun tí gbogbo ayé mọ̀. Láti ibẹ̀ náà ni BOINC ti jáde, ètò ọ̀fẹ́ tí ọ̀pọ̀ nínú àwọn iṣẹ́ wọ̀nyí ń gbà kọjá títí di òní. Ṣùgbọ́n ọjọ́ 31 oṣù kẹta ọdún 2020 ni SETI@home dáwọ́ pípín iṣẹ́ dúró. Ojú ọmọ náà rẹ̀wẹ̀sì díẹ̀ nígbà tí a sọ fún un. A ní kí ó má banújẹ́ jù: oko kì í tán láyé.

Bí ojú ọ̀run ló bá wù ú, Einstein@Home wà níbẹ̀ láti 2005. Ó ń wá àwọn ìràwọ̀ tó ti kú tí wọ́n ń yí bí òkòtó. Ní 2010, kọ̀ǹpútà tọkọtaya kan ní Amẹ́ríkà àti ti ọkùnrin kan ní Jámánì ló kọ́kọ́ fi irú ìràwọ̀ bẹ́ẹ̀ hàn nípasẹ̀ iṣẹ́ yìí. Ó ń yí ní nǹkan bí ìgbà 41 láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan. Wọ́n sì dárúkọ àwọn olóore náà nínú ìròyìn tí àwọn onímọ̀ tẹ̀ jáde. Bí ó bá jẹ́ pé nọ́ńbà ló fẹ́ràn, GIMPS ti wà láti 1996. Àwọn nọ́ńbà ńláńlá tí kò ṣeé pín àfi pẹ̀lú oókan àti ara wọn ni wọ́n ń wá. Èyí tí wọ́n rí ní 2024 ní iye tó lé ní mílíọ̀nù 41 nínú bí a bá kọ ọ́ sílẹ̀. A kò ní fi ẹnu tẹ́ irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n a kò ní purọ́ pé a ti rí ohun tí ẹni tó ń ra iná lówó gọbọi ní Kétu yóò fi í ṣe.

Ọ̀rọ̀ ìlera súnmọ́ wa ju èyí lọ. Folding@home, tí Yunifásítì Stanford dá sílẹ̀ ní 2000, ń wo bí prótéènì ti ń ká tó sì ń yí nínú ara, nítorí pé ibi tó bá ti ká lódì ni àìsàn mìíràn ti ń wọlé. Nígbà àjàkálẹ̀ kòrónà ní 2020, àwọn ènìyàn ya bò wọ́n tó bẹ́ẹ̀ tí agbára gbogbo kọ̀ǹpútà wọn lápapọ̀ fi ju ti ẹ̀rọ ìṣirò tó tóbi jù lọ láyé nígbà náà lọ. Ohun tó yẹ kí ẹ mọ̀ ni pé ẹ̀rọ tó ní káàdì àwòrán tó lágbára ni iṣẹ́ wọn ń fẹ́ jù, wọ́n sì ń fẹ́ èsì kíákíá. Ẹ̀rọ àlòkù bíi ti ilé ẹ̀kọ́ yìí lè ṣe é, ṣùgbọ́n yóò máa mí hẹlẹhẹlẹ.

Ìṣẹ́ kan wà tí à bá ti mú láìronú lẹ́ẹ̀mejì, ṣùgbọ́n ó ti parí. Malariacontrol.net ni orúkọ rẹ̀. Ilé ẹ̀kọ́ ìṣègùn ilẹ̀ olóoru tó wà ní Basel ní Switzerland ló ni ín, ní 2006 ni wọ́n sì ṣí i fún gbogbo ayé lábẹ́ ètò tí wọ́n pè ní Africa@home. Wọ́n kọ ìlú àfinúrò sínú kọ̀ǹpútà, wọ́n kó ènìyàn àti ẹ̀fọn sínú rẹ̀, wọ́n wá ń wo ohun tó máa ṣẹlẹ̀ bí a bá pín àpò ẹ̀fọn fún ìdajì ìlú, tàbí bí a bá fún àwọn ọmọ ní àjẹsára. Àwòṣe yẹn wà lára mẹ́rin tí àwọn onímọ̀ fi díwọ̀n ohun tí àjẹsára RTS,S lè ṣe. Ní 2016, wọ́n pa iṣẹ́ náà dé. Ní oṣù kẹrin ọdún 2024, ilẹ̀ Benin bẹ̀rẹ̀ sí fún àwọn ọmọ wẹ́wẹ́ ní àjẹsára RTS,S yẹn gan-an. Ìyá tó gbé ọmọ rẹ̀ lọ gba abẹ́rẹ́ ní Ṣábẹ̀ẹ́ kò mọ̀ pé kọ̀ǹpútà ẹnì kan tó ń sùn nínú yàrá lókè òkun ti lọ́wọ́ sí i. Kò sì pọn dandan kí ó mọ̀.

Nígbà tí a sọ gbogbo èyí tán, ọmọ náà dákẹ́. Lẹ́yìn náà ó béèrè bóyá kò sí èyí tó kan òjò. Ó ní ìyá àgbà òun gbin àgbàdo lẹ́ẹ̀mejì lọ́dún tó kọjá, nítorí pé òjò àkọ́rọ̀ tan àwọn àgbẹ̀ jẹ: ó rọ̀ dáadáa fún ọ̀sẹ̀ kan, wọ́n gbin irúgbìn, ó sì dá gbáú. Irúgbìn kejì, gbèsè ni ìyá àgbà fi rà á.

Ó wà. Nínú World Community Grid, tí IBM dá sílẹ̀ ní 2004, tó sì fi lé ilé ìwádìí Krembil lọ́wọ́ ní Toronto ní 2021, iṣẹ́ kan wà tí wọ́n ń pè ní Africa Rainfall Project. Yunifásítì Delft ní Netherlands ló bẹ̀rẹ̀ rẹ̀ ní 2019. Ẹ̀yin tó dàgbà sí oko mọ̀ pé òjò wa kì í bo ilẹ̀ lọ bí aṣọ. Ó lè kọlù Pọ́bẹ̀ kí ẹ̀kán rẹ̀ kan má dé Kétu. Àwọn àwòṣe ojú ọjọ́ tí wọ́n sábà máa ń lò kò rí irú òjò kékeré bẹ́ẹ̀, nítorí pé ilẹ̀ tó gbòòrò ni wọ́n ń kà sí ojú kan. Iṣẹ́ yìí ń ṣírò òjò ní kìlómítà kan sí kìlómítà kan ní gbogbo Áfíríkà tó wà ní gúúsù Sàhárà, ó sì ń fi ohun tó rí wé ohun tí àwọn ẹ̀rọ ìwọnjò wọ̀n lórí ilẹ̀. World Community Grid kò sì jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fi èsì iṣẹ́ tó gbà kọjá ọ̀dọ̀ rẹ̀ pamọ́: ìta gbangba ni wọ́n gbọ́dọ̀ kó o sí. Lójú tiwa, ìlànà yìí ló yẹ kí a kọ́kọ́ béèrè lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni tó bá bẹ wá lọ́wẹ̀.

Ẹ má ṣe rò pé kò ní wàhálà. Ègé iṣẹ́ òjò gùn, fáìlì rẹ̀ wúwo, ẹni tó ń ra íntánẹ́ẹ̀tì ní ìwọ̀n yóò mọ̀ ọ́n lára. Bí iná bá lọ lójijì, ètò náà a padà sí ibi tó ti fi àmì sílẹ̀ kẹ́yìn, àmì náà sì lè jìnnà. Iṣẹ́ kò sì wà nílẹ̀ nígbà gbogbo. Kí ẹni tó bá fẹ́ darapọ̀ yẹ̀ ẹ́ wò lọ́jọ́ náà. Bí ti òjò kò bá sí, ti àmì àrùn jẹjẹrẹ wà nínú ilé kan náà.

Ó kù oúnjẹ tí a ní a ó padà sí. Wọ́n máa ń sọ pé agbára tó ṣẹ́ kù ni ènìyàn ń fún wọn. Ọ̀rọ̀ yẹn dùn létí, ṣùgbọ́n mítà iná kò gbọ́ ọ. A gbé bébà síwájú ọmọ náà a sì bá a ṣírò. Kí a sọ pé kọ̀ǹpútà kan ń jẹ 100 watt bí ó bá ń ṣiṣẹ́ gidigidi. Mẹ́fà, fún wákàtí mẹ́wàá lóru, á jẹ́ kilowatt-heure 6. Ní ọgbọ̀n òru, 180. Ká ní wọ́n pa wọ́n ni, wọn kì bá jẹ nǹkan kan. Ṣùgbọ́n lọ́sàn-án, tí ẹ̀rọ náà ti wà ní títàn tẹ́lẹ̀, tó sì ń jẹ 50 watt bó tilẹ̀ jókòó lásán, àádọ́ta tó lé lórí nìkan ni ọ̀wẹ̀ ń gbà. Wákàtí mẹ́jọ lójúmọ́ fún ọjọ́ 22, kò tó 53 fún gbogbo mẹ́fẹ̀ẹ̀fà. Ẹ fi iye tí SBEE ń gbà sọ ọ́ di púpọ̀, tàbí ti CEET fún ẹ̀yin ará Atakpamé. Nítorí náà, òru tí ọmọ náà rò pé ọ̀fẹ́ ni, òun gan-an ló wọ́n jù. A kò tíì mẹ́nu kan ooru nínú yàrá tí fèrèsé rẹ̀ tì pa, tàbí eruku ọyẹ́ tí ń dí afẹ́fẹ́ ẹ̀rọ.

Ìgbà yìí ni ó wolẹ̀. Ó jẹ́wọ́ pé òun ti fi BOINC sórí ọ̀kan nínú wọn láìsọ fún ẹnikẹ́ni, ó sì ti ń ṣiṣẹ́ fún òru mẹ́rin. A bá a wí, ṣùgbọ́n a kò bá a wí bí olè. Ọwọ́ ọ̀gá ilé ẹ̀kọ́ ni ìwé iná ń dé sí. Bí owó rẹ̀ bá lọ sókè lójijì tí kò sì mọ ohun tó fà á, kọ́kọ́rọ́ yàrá ni yóò kọ́kọ́ gbà, àwọn akẹ́kọ̀ọ́ tó kù ni yóò sì jìyà rẹ̀. Ẹ̀rọ tí kì í ṣe tiwa, ẹ jẹ́ kí a tọrọ rẹ̀. Kí a sì gba ètò náà láti ojúlé iṣẹ́ fúnra rẹ̀, kì í ṣe lọ́wọ́ ẹni tó ṣèlérí owó. Àwọn ayédèrú tí ń fi kọ̀ǹpútà ẹlòmíràn wa owó fún ara wọn kò lóǹkà. Ẹ̀yin tí ẹ ní fóònù nìkan, BOINC wà fún Android náà. Bí wọ́n ti tò ó, kì í ṣiṣẹ́ àfi bí fóònù bá wà lẹ́nu iná, tí bátìrì rẹ̀ ti fẹ́rẹ̀ẹ́ kún, tó sì wà lórí Wi-Fi.

Ó lọ bá ọ̀gá rẹ̀ ní ọjọ́ kejì, bébà ìṣirò lọ́wọ́. Ọ̀gá náà kà á lẹ́ẹ̀mejì, ó bi í léèrè ìdí tó fi jẹ́ òjò, ọmọ náà sì sọ ọ̀rọ̀ ìyá àgbà rẹ̀ fún un. Ẹ̀rọ mẹ́ta ló gbà fún un, ní wákàtí ẹ̀kọ́ nìkan, kí wọ́n má lo ju ìdajì agbára wọn lọ, fún oṣù mẹ́ta. Ọmọ náà ti fi ìwé kékeré kan kọ́ sára ògiri lẹ́gbẹ̀ẹ́ mítà. Ọjọ́ Mọ́ńdè ni yóò kọ nọ́ńbà kìíní sínú rẹ̀.