Ilé-ìwé ọ̀fẹ́: ta ló ń se oúnjẹ ọmọ?

Láti ọdún 2006 ni ìjọba Bẹ̀nẹ̀ ti ní kí á má sanwó ilé-ìwé mọ́ fún ọmọ ní ilé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ti ìjọba. Ó dáa. Àmọ́ ẹ̀yin òbí ní Kétu àti ní Ṣábẹ̀ẹ́ mọ̀ pé owó nìkan kọ́ ló ń lé ọmọ padà sílé. Ebi náà ń lé e.

Ọmọ tó fẹsẹ̀ rìn láti oko láàárọ̀ láìjẹun, tó wá di agogo mọ́kànlá, kí lẹ fẹ́ kó gbọ́ nínú Faransé olùkọ́? Àwa tí à ń kọ́ àwọn olùkọ́ mọ̀ ọ́n: ojú ọmọ á máa wo pátákó, ọkàn rẹ̀ ò sí níbẹ̀. Ìdí nìyẹn tí kántíìnì fi ṣe kókó. Ní 2017 ìjọba dá ètò oúnjẹ ilé-ìwé sílẹ̀, ó gbé e lé PAM, àjọ oúnjẹ àgbáyé, lọ́wọ́. Ìrẹsì, àgbàdo, ẹ̀wà àti òróró, ètò náà ló ń kó wọn wá. Igi ìdáná, omi, ata, àti ọwọ́ tó ń sè é, ti abúlé ni.

Ibẹ̀ gan-an lọ̀rọ̀ wà. Àwọn ìyá tó ń dáná yìí ní oko àti ọjà tiwọn. Bí a bá ní kí wọ́n máa ṣe é lásán títí, ọjọ́ kan ni wọ́n á jókòó sílé, ìkòkò á sì ṣófo, bí ìrẹsì tilẹ̀ kún yàrá. Kí ẹgbẹ́ òbí jókòó pẹ̀lú mẹ́ẹ̀rì kí ilé-ìwé tó wọlé ní oṣù kẹsàn-án, kí wọ́n sọ iye tí alásè máa gbà, àti ẹni tí yóò san án.