Bí omi àti ọṣẹ ni alágbàfọ̀ náà ń lò, kí la wá ń kó aṣọ lọ bá a fún?

Ẹ̀yin èèyàn wa, ọ̀rọ̀ aṣọ ni mo fẹ́ bá yín sọ lónìí. Ẹ má sọ pé ọ̀rọ̀ kékeré ni o. Nílẹ̀ Yorùbá, aṣọ là ń kí ká tó kí ẹni tó wọ̀ ọ́, owó tó sì ń bá aṣọ lọ láàárín ọdún kan, látorí aṣọ ẹbí dórí kóòtù iṣẹ́, kì í ṣe díẹ̀. Lẹ́yìn tá a bá ra aṣọ tán, tá a sanwó télọ̀ tán, owó míì ṣì wà níwájú: owó ẹni tó máa fọ̀ ọ́. Ibẹ̀ ni àríyànjiyàn ti máa ń bẹ̀rẹ̀ nínú ilé. Ìyàwó á ní kí wọ́n rẹ ẹ́ sínú omi ọṣẹ, ọkọ á ní rárá, ṣebí wọ́n kọ "Dry clean only" sí i lọ́rùn. Ta ló jàre nínú wọn?

Lójú tèmi, àwọn méjèèjì ló lè jàre. Ohun tí wọ́n fi ṣe aṣọ náà àti bí wọ́n ṣe rán an ló yẹ kó dá ẹjọ́ yìí, kì í ṣe ohun tí wọ́n kọ sí i lọ́rùn nìkan. Aṣọ wà tó jẹ́ pé tómi bá fi lè kàn án, ó parí nìyẹn. Òmíràn sì wà tó jẹ́ pé ńṣe la kàn ń fowó ṣòfò lé e lórí.

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ mọ ohun tí wọ́n ń pè ní dry clean gan-an. Ọ̀pọ̀ èèyàn rò pé aṣọ náà kì í tutù rárá. Ó ń tutù o! Kì í kàn ṣe omi ló ń tù ú lára ni. Kẹ́míkà olómi tó máa ń yọ́ ọ̀rá kúrò lára aṣọ ni wọ́n ń lò nínú ẹ̀rọ ńlá kan tó jọ ẹ̀rọ ìfọṣọ. Aṣọ á máa yí nínú ẹ̀, lẹ́yìn náà ẹ̀rọ á fa kẹ́míkà náà jáde, á sì gbẹ aṣọ náà. Iṣẹ́ yìí ti pẹ́ láyé. Lọ́dún 1821, aláwọ̀ dúdú kan tó jẹ́ télọ̀ ní New York, Thomas Jennings, gba ìwé àṣẹ ìjọba Amẹ́ríkà lórí ọ̀nà kan tí wọ́n pè ní "dry scouring", tó fi ń fọ aṣọ. Òun ni aláwọ̀ dúdú àkọ́kọ́ tí a mọ̀ pé ó gba irú ìwé bẹ́ẹ̀ lórílẹ̀-èdè náà.

Kẹ́míkà tó gbajúmọ̀ jù nínú iṣẹ́ náà láyé òde òní ni wọ́n ń pè ní perc. Ó mọ iṣẹ́ ṣe, àmọ́ kì í ṣe ohun téèyàn ń fi ṣeré. Ẹ̀ka tó ń ṣèwádìí àrùn jẹjẹrẹ lábẹ́ Àjọ Ìlera Àgbáyé ti kà á mọ́ àwọn ohun tó jọ pé ó ń fa jẹjẹrẹ. Lóṣù Kejìlá ọdún 2024, àjọ EPA ní Amẹ́ríkà gbé òfin jáde pé kí àwọn alágbàfọ̀ ibẹ̀ fi ọdún 10 jáwọ́ díẹ̀díẹ̀ nínú lílò ó. Nítorí náà, ẹni tó bá ń rò pé gbogbo ìgbà ni kẹ́míkà sàn ju omi lọ, kó tún un rò.

Ohun míì tún wà tí kẹ́míkà yẹn ò lè dá ṣe. Ọ̀rá àti epo ló mọ̀ ọ́n yọ́. Òógùn, mínírà àti àwọn nǹkan olómi míì tó ní ṣúgà nínú, omi ló ń yọ wọ́n dáadáa. Ìdí nìyẹn tí àbàwọ́n mínírà tí ẹnikẹ́ni ò rí fi máa ń di pupa rúsúrúsú lójijì lẹ́yìn tí wọ́n bá ti gbé áyọ́ọ̀nù gbígbóná lé e.

Ọ̀rọ̀ tí wọ́n kọ sọ́rùn aṣọ ńkọ́? Láti ọdún 1971 ni òfin ti wà ní Amẹ́ríkà pé kí àwọn tó ń ṣe aṣọ sọ bó ṣe yẹ ká tọ́jú ẹ̀. Àmọ́ bí aṣọ kan bá ṣeé fọ̀ lómi, tó tún ṣeé fi kẹ́míkà fọ̀, ọ̀nà kan péré ni òfin ní kí wọ́n kọ. Ilé iṣẹ́ tó ń sá fún wàhálà, èwo lẹ rò pé ó máa mú? Ẹ yáa wo àwòrán tó wà níbẹ̀ dípò ọ̀rọ̀. Bí ẹ bá rí abọ́ omi tí wọ́n fa ìlà méjì kọjá lórí ẹ̀, wọ́n ń sọ pé kómi má kàn án nìyẹn, ẹ gbà bẹ́ẹ̀. Bó bá jẹ́ òbìrìkìtì nìkan lẹ rí, tí lẹ́tà P tàbí F wà nínú ẹ̀, kẹ́míkà tí alágbàfọ̀ máa lò ni wọ́n ń sọ fún un. Ẹ ṣì lè yẹ aṣọ náà wò fúnra yín.

Ibi tọ́rọ̀ wá ti dùn mí jù rèé. Ẹ rìn gba àdúgbò èyíkéyìí kọjá n'Íbàdàn tàbí l'Ékòó, ẹ máa rí bọ́ọ̀dù "dry cleaners" lójú títì. Ọ̀pọ̀ nínú wọn ni kò ní ẹ̀rọ kẹ́míkà kankan. Báàfù, omi, ọṣẹ, sítáàṣì àti áyọ́ọ̀nù ló wà lẹ́yìn ṣọ́ọ̀bù. Mi ò bú wọn o. Orúkọ tá a fi ń pè wọ́n tipẹ́ kò parọ́: alágbàfọ̀ ni wọ́n, ẹni tó ń gba aṣọ fọ̀. Iṣẹ́ gidi ni, ẹni tó mọ agbádá lọ̀ kó gún régé sì yẹ lẹ́ni tí à ń sanwó fún. Àmọ́ bí ẹ bá torí pé ẹ ò fẹ́ kómi kan aṣọ gbé e lọ, tí wọ́n sì lọ rì í bọ inú omi, kí lẹ sanwó fún? Ẹ bi í léèrè kẹ́ ẹ tó gbé aṣọ kalẹ̀: "Ẹ jọ̀ọ́, ṣé ẹ ní ẹ̀rọ ẹ̀, àbí omi lẹ máa fi fọ̀ ọ́?" Ìbéèrè yẹn kì í ṣe àrífín. Òfin tó ń dáàbò bo oníbàárà nílẹ̀ wa, tọdún 2018, fún wa lẹ́tọ̀ọ́ pé kí iṣẹ́ tá a sanwó fún jẹ́ ojúlówó.

Èwo la wá lè fọ̀ nílé? Ọ̀pọ̀ ṣẹ́ẹ̀tì, bùláòsì àti gáùn tí wọ́n fi polyester tàbí òwú rán, tí kò ní ìlẹ̀kẹ̀ tàbí ọ̀ṣọ́ lára, ṣeé fọ̀. Ẹ kọ́kọ́ dán an wò: ẹ fi aṣọ funfun tó tutù tẹ ibi kọ́lọ́fín kan nínú ẹ̀. Bí àwọ̀ bá jáde sára funfun yẹn, ẹ dá ọwọ́ dúró. Bí kò bá jáde, omi tútù àti ọṣẹ díẹ̀ tí kò le ti tó. Ẹ má rẹ ẹ́ sómi mọ́jú. Ẹ má bó o, ẹ má fún un bí ẹni tó ń fún ògì. Ẹ fi tówẹ̀lì ká a kó fa omi ẹ̀, kẹ́ ẹ sì sá a síbi tí kò sí oòrùn. Ti àdìrẹ aláró, òun nìkan ni kẹ́ ẹ máa fọ̀, ẹ má kó o pọ̀ mọ́ aṣọ míì. Ẹ sì rántí pé kì í ṣe gbogbo aṣọ tá a wọ̀ lẹ́ẹ̀kan ló nílò fífọ̀. Aṣọ tá a fi lọ sóde fún wákàtí mẹ́ta, ẹ fi kọ́ síbi tí atẹ́gùn wà mọ́jú, ó lè má ju bẹ́ẹ̀ lọ.

Àwọn tí kò yẹ kẹ́ ẹ fọwọ́ kàn nílé ńkọ́? Kóòtù ni àkọ́kọ́. Irun àgùntàn tó wà lára ẹ̀ lè súnkì, kó sì ki pọ̀. Bí kì í bá tiẹ̀ ṣe irun àgùntàn, gọ́ọ̀mù sítéè tí télọ̀ fi gbé àyà ẹ̀ dúró lè ṣí, kí àyà kóòtù wá rí wúruwùru. Fẹ́lífẹ́ẹ̀tì, awọ, àti léèsì olókùúta, ẹ gbé wọn lọ fún ẹni tó mọ̀ ọ́n. Èyí tó ká mi lára jù ni aṣọ òkè. Èyí tí wọ́n hun n'Ísẹ́yìn kò ní àkọlé kankan lọ́rùn tó máa kìlọ̀ fún ẹnikẹ́ni. Ọ̀já tẹ́ẹ́rẹ́ tẹ́ẹ́rẹ́ ni wọ́n tò pọ̀ di aṣọ, òwú oríṣiríṣi sì lè wà nínú ẹ̀: òwú gidi, rayon tí agbára ẹ̀ máa ń dín kù tó bá tutù, àti òwú tó ń dán bíi góòlù. Bí wọn ò bá súnkì bákan náà, ojú rírán á ká jọ, kò sì sí áyọ́ọ̀nù tó máa nà án. Aró inú ẹtù náà lè ràn mọ́ ìlà funfun ẹ̀. Sányán tàbí àlàárì tí bàbá bàbá ẹni fi sílẹ̀, ta ni télọ̀ tó máa rán òmíràn fún wa?

Ohun kan wà tí mo fẹ́ fi ọwọ́ líle mú. Àwọn kan ti gbọ́ pé kì í ṣe omi ni wọ́n fi ń ṣe dry clean, wọ́n wá ń da bẹntiróò sáṣọ nílé láti yọ àbàwọ́n epo. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má dán an wò. Èéfín bẹntiróò ò ṣeé rí, iná ìdáná inú yàrá kejì tàbí iná áyọ́ọ̀nù sì lè gbé e. Kò sí agbádá tó tó ẹ̀mí èèyàn. Bí epo pupa bá ta sáṣọ olówó ńlá, ẹ fi bébà tí kò ní àwọ̀ fa èyí tó bá ṣeé fà, ẹ má fọwọ́ ra á, kẹ́ ẹ gbé e lọ kíá, kẹ́ ẹ sì sọ fún alágbàfọ̀ pé epo ni.

Mo mọ̀ pé ẹnìkan á sọ pé, "Owó náà ò tó nǹkan, mo kúkú lè san án kí ọkàn mi balẹ̀." Ó dáa bẹ́ẹ̀ bó bá jẹ́ pé ìbàlẹ̀ ọkàn lẹ rà lóòótọ́. Àmọ́ nígbà tí oúnjẹ àti owó ọkọ̀ ti gbówó lórí báyìí, owó tá a bá fi pa mọ́ lára ṣẹ́ẹ̀tì mẹ́wàá tó ṣeé fọ̀ nílé la máa fi sanwó ẹni tó ní ẹ̀rọ gidi fún kóòtù kan tàbí aṣọ òkè kan tí kò ṣeé fi tàfàlà. Bí ọmọdé bá láṣọ bí àgbà, kò lè ní àkísà bí àgbà. Ẹ má wá jẹ́ kí báàfù ẹnikẹ́ni, yálà tiyín tàbí ti alágbàfọ̀, sọ ògbólógbòó aṣọ yín di àkísà kó tó tó àkókò.