Rìpíìtì Kì í Ṣe Oògùn

Ẹ̀yin òbí àti olùkọ́ ní Odòde, Aládé àti Àtọ́sìn,

Ìgbàgbọ́ kan ti wọ̀ wá lára: bí ọmọ bá fìdí rẹmi, kó rìpíìtì, ọpọlọ rẹ̀ á là. Irọ́ ni. Ní 1989, Thomas Holmes ará Amẹ́ríkà kó ìwádìí 63 jọ lórí àwọn ọmọ tí wọ́n ní kó tún kíláàsì kọ́ àti irú wọn tí wọ́n jẹ́ kó kọjá. Nínú 54, àwọn tó rìpíìtì ló kẹ́yìn.

Ẹ óò ní rẹ́jísítà ilé ìwé yín fi hàn pé ó ń ṣiṣẹ́. Rẹ́jísítà wo? Ká ní ọmọ 40 wà ní pírámárì 3, wọ́n ní kí 8 rìpíìtì. Ọmọ 3 gbà. Òbí àwọn 5 yòókù fárígá (ta ló fẹ́ kí ẹgbẹ́ ọmọ òun ṣíwájú rẹ̀?), wọ́n kó wọn lọ sí ilé ìwé aládàáni, ó di pírámárì 4. Bí fọ́ọ̀mù tí ìjọba fi ń ka ọmọ ilé ìwé lọ́dọọdún bá dé, edimásítà á kọ 3 síbi àwọn tó rìpíìtì. Àwọn 5 di ẹni tó pa ìwé tì. Níbi tí wọ́n lọ, ọmọ tuntun ni wọ́n. Ìjọba ń wá wọn lóko kòkó, wọ́n sì jókòó sí kíláàsì ládùúgbò kejì. Bí 2 nínú àwọn 3 bá wá yege lọ́dún kejì, a ó máa fi wọ́n yangàn.

Ní Bràsíìlì, Sergio Costa Ribeiro tú irú àṣírí yìí ní 1991: ọ̀pọ̀ ọmọ tí ìwé ìjọba pè ní ẹni tó ti fi ilé ìwé sílẹ̀ ṣì wà ní kíláàsì, wọ́n ń rìpíìtì.

Àwa mọ ohun tó ń fa ìfìdírẹmi níbí. Tí kòkó bá pọ́n ní oṣù Kẹwàá, ọmọ á bá òbí rẹ̀ lọ sábà, ọ̀sẹ̀ á gorí ọ̀sẹ̀. Olùkọ́ ti kọ́ àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ní ìṣirò ìdá, ó ti kọjá síbòmíràn kí ọmọ tó dé. Oṣù Kẹwàá mìíràn ń bọ̀ o, rìpíìtì kò sì lè dá a dúró.

N kò ní kí ẹ máa ti ẹni tí kò mọ̀wé kà síwájú ṣáá. Ọ̀nà mìíràn wà. Ní Íńdíà, àjọ Pratham ń pín àwọn ọmọ nípa ohun tí wọ́n lè kà, wọ́n ń fi wákàtí kan tàbí méjì lójúmọ́ kọ́ wọn láti ibẹ̀, kíláàsì yòówù kí wọ́n wà.

Bí wọ́n bá pè yín pé kí ọmọ yín rìpíìtì, ẹ béèrè ohun tí yóò rí kọ́ lọ́dún kejì tí kò rí kọ́ lọ́dún àkọ́kọ́, àti ẹni tí yóò kọ́ ọ. Bí wọn kò bá rí ìdáhùn, ẹ má gbà.